Èwo Ni Azizah Nínú Wọn?

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Ó dájú pé kì í ṣe etí odò Tanaro ni wọ́n jókòó sí nígbà tí wọ́n ń pa òwe yẹn. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1994, lẹ́yìn òjò tó rọ̀ tí kò fẹ́ dá mọ́, odò náà kún, ó ya wọ ìlú Asti ní ìdájí ọjọ́ Sọ́ńdè, ó sì wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn. Kí oòrùn tó yọ, ìyẹn bí oòrùn bá tilẹ̀ yọ lọ́jọ́ náà, omi ti gbé mọ́tò, ó ti gbé adìyẹ, ó ti gbé àgbá wáìnì, ó sì ti ń gbé èèyàn.

Ní Turin, Morẹ́nikẹ́ ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Nọ́ọ̀sì ni ní ọsibítù kan níbẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni, Padua ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ti pẹ́ ní Italy débi pé àwọn aláìsàn ti sọ orúkọ rẹ̀ di Morena, ó sì ti rẹ òun náà láti máa tún un ṣe fún wọn. Ornella ló pè é, caposala wọn, ìyẹn ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ń fa sìgá bí ẹni pé ìjọba ló ń bá a rà á, kì í sì í kí èèyàn lórí fóònù.

"Morena, wọ bàtà tí omi ò lè wọ̀," ó ní. "Mo ti wà nísàlẹ̀ ilé ẹ."

Gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ìwé kan tó wà lórí òkè ni wọ́n sọ di ibi ìsádi. Morẹ́nikẹ́ ti múra ọkàn sílẹ̀ de ẹ̀jẹ̀, de egungun tó ṣẹ́, de igbe. Igbe kọ́ ló bá níbẹ̀. Èèyàn kún inú gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́, ẹrẹ̀ bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá arúgbó kan di bàtà obìnrin mú láyà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Obìnrin kan ń bi ògiri léèrè bóyá òun ti pa gáàsì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ba Morẹ́nikẹ́ lẹ́rù ju bí wọ́n bá ń ké lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbá létí, títí Ornella fi tì í lẹ́yìn.

"Gbọ́ mi dáadáa," Ornella ní. "Ní ọsibítù, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lò ń tọ́jú. Níbí, ẹni tí kò sí níbí lò ń wá. Ìdílé yòówù tó bá wọlé, kọ́kọ́ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ni wọ́n, kóo sì wò ó bóyá gbogbo wọn ló dé. Bó bá ku ẹnì kan, sọ fún Beppe kíá."

Beppe ni bàbá kan tó jókòó sí igun pẹ̀lú rédíò ńlá tí èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Fóònù ìlú ti kú, nítorí náà ẹnu Beppe ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ti ń gbọ́ ilé tí wọ́n máa lọ àti ilé tí wọ́n máa fò.

Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni kó mọ̀ ọ́n. Morẹ́nikẹ́ ń fọwọ́ kan ọrùn èèyàn, ó ń wo èékánná, ó ń bọ́ aṣọ tútù lára àwọn arúgbó tí ojú ń tì, ó ń di ọgbẹ́, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Siete in quanti?" Ẹ jẹ́ mélòó? Wọ́n á dá a lóhùn, á wò wọ́n yíká, á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ti ń rò ó lọ́kàn pé ọwọ́ òun ti mọ́ iṣẹ́ náà.

Kí ọ̀sán tó pọ́n ni wọ́n mú Àwáù wọlé. Obìnrin Ìwó ni, ó tó ẹ̀gbọ́n Morẹ́nikẹ́ dáadáa. Ó pọn ọmọ ọwọ́ kan, ó di ọmọkùnrin kan mú lọ́wọ́, ọmọbìnrin kan tó ti ń dàgbà sì rọ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ojú fèrèsé òkè ni wọ́n ti gbé wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ èdè Italy kankan.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ rọra jókòó," ni Morẹ́nikẹ́ wí.

Àwáù gbójú sókè. "Ọmọ Yorùbá ni yín? Háà, Ọlọ́run ṣeun. Sista, ẹ má fi mí sílẹ̀ o."

"Mi ò lọ síbì kankan, mà."

Ornella, tó ń di orí ẹnì kan lọ́ọ̀ọ́kán, gbóhùn sókè. "Morena, quanti figli ha?"

Ọmọ mélòó ló ní? Ìbéèrè náà kò le. Morẹ́nikẹ́ ti ń béèrè rẹ̀ láti àárọ̀, kò sì wúwo lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Italy ló fi ń béèrè rẹ̀. Nígbà tó kọjú sí Àwáù láti fi Yorùbá béèrè, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tó wà ní kékeré ní Iléṣà, ó na ìka sí àwọn àbúrò rẹ̀ níjọ́ kan, ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ka iṣu, ìyá àgbà rẹ̀ sì gbá a lẹ́nu débi pé eyín rẹ̀ mì. Títí dòní, bí o bá bi Morẹ́nikẹ́ pé ọmọ mélòó ni ìyá rẹ̀ bí, á rẹ́rìn-ín, á ní àwọn pọ̀ díẹ̀. Ìwé tó kà ní Padua kò wọlé dé ibi tí àbàrá yẹn dé.

Nítorí náà, ó yí ìbéèrè náà sí èyí tó bójú mu. "Ṣé gbogbo àwọn ọmọ wà, mà?"

"Wọ́n wà, sista. Alhamdulillah."

Bí ìyá tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń dáhùn nìyẹn. Morẹ́nikẹ́ fi ojú lásán wo àwọn ọmọ náà, ojú tí kò jọ ti kíkà. "Tre," ó dá Ornella lóhùn. "Ci sono tutti." Mẹ́ta ni wọ́n, gbogbo wọn ló wà.

"Bàbá Sìdíkátù nìkan ni mi ò tíì rí," Àwáù ní. "Kàmíìlù lorúkọ wọn. Turno di notte, iṣẹ́ òru, ni wọ́n lọ, ní fábríkà ìgò lódìkejì odò."

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Màá bá yín wá wọn."

Ó lọ bá Beppe. Ó ní kó bá òun wá Kàmíìlù ní ibi ìsádi tó wà lódìkejì odò, kí wọ́n sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ọmọ rẹ̀ ti dé, ara wọn sì le. Beppe bi í pé ilé wo ni wọ́n ti wá. Ó júwe rẹ̀ bí Àwáù ṣe júwe rẹ̀ fún un: ilé aláwọ̀ yẹ́lò tó kẹ́yìn ní òpópónà kékeré tó kọjú sí odò. "Vuota, allora," Beppe ní. Ó ti ṣófo nìyẹn. Ó sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Morẹ́nikẹ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbọ́ ìró rẹ̀ nígbà tó fọ́. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn, ká má purọ́. Ó ní ó kéré tán, ìdílé kan ti pé.

Ó ti di ọgbẹ́ púpọ̀ kí Beppe tó pè é padà. Wọ́n ti rí Kàmíìlù.

"Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ gan-an," Beppe ní. "Ó ní ara òun le. Omi ló ká òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mọ́ inú fábríkà láti òru, kò sẹ́ni tó lè jáde, àfi ìgbà tí wọ́n wá kó wọn láàárọ̀ yìí. Ó ní kí o bá òun kí Azizah."

Morẹ́nikẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Láti àárọ̀, ìròyìn tó ń jáni láyà ló ti ń gbé kiri. Èyí ni àkọ́kọ́ tó ní ẹ̀rín nínú. Àwáù jókòó nínú kúbùsù, ó ń mu tíì gbígbóná, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń sùn lórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀ tì wọ́n.

"Ìyá Sìdí, wọ́n ti rí bàbá. Ara wọn le koko. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Azizah." Ó yíjú sí àwọn ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èwo ni Azizah nínú wọn?"

Àwáù wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ife náà rọra dojú dé lọ́wọ́ rẹ̀, tíì gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, kò sì mọ̀.

"Azizah wà lọ́dọ̀ wọn," ó ní. "Azizah wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, sista. Àwọn ni wọ́n wá gbé e lọ."

Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú Morẹ́nikẹ́, kò mọ bó ṣe máa gbé e kúrò níbẹ̀. Kàmíìlù kò jáde kúrò ní fábríkà láti òru mọ́jú. Beppe ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un ni. Kó tó la ẹnu láti sọ ọ́, Àwáù ti kà á lójú rẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ojú rẹ̀ yí padà bí eérú, ó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife náà.

Nínú Morẹ́nikẹ́, nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ jí. Èèyàn tó kù nínú rẹ̀ ṣì dúró gbagidi lójú kan. Ó tẹ́ Àwáù sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àga, ó fi kúbùsù bò ó mọ́ ọrùn, ó wá ìlù ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i, ó ń sáré, kò sì lágbára. Ìpayà lè pa ẹni tí omi kò pa, Morẹ́nikẹ́ sì ti rí i rí. Ó ń pè é, ó ń fọwọ́ ra á lọ́wọ́, ó sì yíjú sí ọmọbìnrin àgbà náà.

"Sìdí, níbo ni Azizah wà?"

"Dalla nonna Piera," ọmọ náà dáhùn ní èdè Italy, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe. "Il sabato dorme da lei."

Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Piera ni Azizah máa ń sùn ní gbogbo Sátidé. "Níbo ni nonna Piera ń gbé?"

"Sotto di noi." Sìdíkátù tọ́ka sí ilẹ̀. "Piano terra."

Abẹ́ ilé wọn gan-an ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá. Ojú fèrèsé òkè ni àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà wọ ọkọ̀ nítorí pé omi ti dé òrùlé ìsàlẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, Morẹ́nikẹ́ kò bi wọ́n pé ta ló tún ń gbé inú ilé yẹn.

Àwáù lajú. Ohùn rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. "Ìyá àgbà yẹn ò lẹ́nì kan. Azizah ni wọ́n fi ń ṣe ọmọ-ọmọ. Kí Bàbá Sìdí tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní bí omi bá fẹ́ wọlé, àwọn á sáré wá kó nonna àti Azizah lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí ariwo omi jí mi, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ilẹ̀kùn nonna ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo pè wọ́n, pè wọ́n, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo ní wọ́n ti wá kó wọn. Mo ní wọ́n ti kó wọn lọ, sista."

Omi ló ṣílẹ̀kùn. Morẹ́nikẹ́ mọ̀ ọ́n, kò sì sọ ọ́. Ó sáré tọ Beppe.

"Ilé yẹ́lò yẹn kò ṣófo," ó ní. "Ọmọ kan wà níbẹ̀, àti ìyá arúgbó kan."

Beppe bọ́ ohun tó wà létí rẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo sọ pé gbogbo wọn ti jáde."

"Èmi ni. Jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n."

Beppe pè wọ́n. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, Morẹ́nikẹ́ ti ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun á bá ọkọ̀ lọ, òun á fọwọ́ ara òun gbé ọmọ náà wá. Ornella ló fi ọrùn aṣọ fà á padà.

"Ìwọ ò mọ ọkọ̀ í wà, o ò sì mọ̀wẹ̀. Bí o bá lọ, ta ló máa gbọ́ ohun tí obìnrin yẹn ń sọ?" Ó wo ojú rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò bi í pé mélòó. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ka ọmọ. Ojú mi ni mo lò."

Ornella kò bínú, ìyẹn gan-an ló wá le jù. "O ti ṣe àṣìṣe," ó ní. "Lọ́la ni kóo sunkún un. Padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ó padà. Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àjálù nìyẹn: ẹlòmíràn ni yóò wọ inú omi lọ, ìwọ ni yóò jókòó ti ẹni tó ń retí. Ọwọ́ kan ló fi ń di ọgbẹ́ àwọn tó ń bọ̀. Èkejì wà lọ́wọ́ Àwáù, tó dì í mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ ara. Kò sí àdúrà tí Morẹ́nikẹ́ kò gbà. Ó gba ti Jésù, nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ń ṣe àmín sí ti Àwáù. Òtítọ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kò sí ọmọ tó lè wà láàyè nísàlẹ̀ ilé yẹn.

"Sista," Àwáù ní, láìwo ojú rẹ̀. "Ẹ ò kà wọ́n."

"Mi ò kà wọ́n, mà."

"Ká ní ẹ fẹ́ kà wọ́n, mi ò ní í gbà fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà tù ú, ó sì tún gún un. Ó ní kí òun tọrọ àforíjì, ó wò ó pé àforíjì kò tíì ní ibi tó máa jókòó sí.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Panápaná kan wọlé, omi ń ro lára rẹ̀, ó gbé ẹ̀wù òtútù dúdú kan sí àyà, ẹ̀wù obìnrin àgbàlagbà, tó ní bọ́tìnì ńláńlá. Ẹsẹ̀ kékeré méjì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde láìsí ẹni tó ní kí wọ́n dìde.

Morẹ́nikẹ́ gbà á. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe: ó fetí sí àyà ọmọ náà, ó wo ètè rẹ̀ tó ti dúdú fún òtútù, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù, ó fi ara gbígbóná ìyá rẹ̀ bò ó. Azizah ń mí. Azizah ṣí ojú, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni ń sọ ohun tó rí ní ilé ìwé.

"Mamma, la barca è passata. La nonna ha gridato tanto. Non si sono fermati."

Ọkọ̀ ojú omi kọjá lọ́dọ̀ wọn. Ìyá àgbà ké títí. Wọn ò dúró.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìyókù jáde. Nonna Piera kò dúró de ẹnikẹ́ni láti wá kó òun. Nígbà tí omi kan ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gba ẹ̀yìnkùlé fa ọmọ náà jáde, ó tì í gun àkàbà lọ sórí àjà tí wọ́n ń kó koríko gbígbẹ sí, òun náà sì gùn ún, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán ń sún mọ́, wọ́n rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú ilé. Azizah gbọ́ tí ọkùnrin kan nínú rẹ̀ ń pariwo fún èkejì pé kí wọ́n fi ilé yẹn sílẹ̀, ó ti ṣófo. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bo igbe wọn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nonna bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún un, ó ní òun fẹ́ sùn díẹ̀.

Vuota. Morẹ́nikẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọmọ yẹn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló gba ẹnu Beppe, tó gba ẹnu ọlọ́kọ̀, tó dé etí àwọn méjì yẹn níbi tí wọ́n lúgọ sí.

Àwọn panápaná gbé èkejì wọlé, kúbùsù bò ó láti ẹsẹ̀ títí dé orí. Ornella ṣí igun kúbùsù náà, ó wo ojú arúgbó náà, ó tún un bò. "Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún," ó sọ fún Morẹ́nikẹ́ ní jẹ́jẹ́. "Ó lè jẹ́ pé láti ìdájí ni ọkàn rẹ̀ ti dúró." Àánú ló mú un sọ ọ́, Morẹ́nikẹ́ sì mọ̀. Ọmọ náà ti sọ pé ó ké títí nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá.

Àwáù ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ sábẹ́ kúbùsù kan. Ó ń wo Morẹ́nikẹ́.

"Sista, ẹ bá mi kà wọ́n."

"Mà?"

"Ẹ kà wọ́n sókè. Kí n gbọ́ ọ."

Ẹnu Morẹ́nikẹ́ wúwo. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ètè rẹ̀ nítorí àbàrá Iléṣà. Ó na ọwọ́, ó fi kan orí Sìdíkátù. "Oókan." Ó fi kan orí ọmọkùnrin náà, Idrees. "Eéjì." Ó fi kan orí Azizah, irun rẹ̀ kún fún koríko gbígbẹ, ó sì pẹ́ kó tó gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. "Ẹẹ́ta." Ó fi kan ọmọ ọwọ́. "Ẹẹ́rin."

Àwáù mí kanlẹ̀. Ó di ojú rẹ̀.

Azizah gbé orí sókè láti inú ẹ̀wù dúdú náà. Ó wo ọwọ́ Morẹ́nikẹ́ tó ti sọ̀kalẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n tẹ́ kúbùsù kejì sí.

"E la nonna?" ó béèrè. Nonna ńkọ́?

Morẹ́nikẹ́ dìde, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé orí nonna lókè kúbùsù náà.

"Aárùn-ún," ó ní.